Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Tábìlì Sínúkà

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Abereke, ẹ mọ̀ pé orí òpó la kọ́ ilé sí níbẹ̀, orí pákó la ń rìn, omi ń lọ, omi ń bọ̀ lábẹ́ wa. Ilé pákó kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí òkun gbangba. Inú rẹ̀ ni tábìlì sínúkà tí bàbá Promise, ọ̀dọ́kùnrin awakọ̀ ojú omi kan, fi sílẹ̀ fún un kó tó kú wà. Abẹ́ tábìlì yẹn ni wọ́n ti jẹ ọwọ́ ọmọ ènìyàn, ẹni tó sì ṣe é, ọmú kan náà ni òun àti ẹni tó ṣe é fún jọ mu. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já, kó dìde báyìí.

Ọlálẹ́yẹ ni ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Òsì ló fi ń tukọ̀, òsì ló fi ń hun àwọ̀n, òsì náà ló fi ń gbá sínúkà. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìyá Promise ló gbà á tó fún un lọ́mú. "Ọmú ọ̀tún ni ti Promise, ọmú òsì ni ti Lẹ́yẹ," bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà. Òun ló kọ́ àwọn méjèèjì ní àwọ̀n híhun. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ta kókó àwọ̀n rẹ̀. Bí àwọ̀n bá sọnù lójú omi, kókó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ilé tó ni ín. Kókó ìyá Promise yìí, òun àti àwọn ọmọ méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n ta.

Ó tún ní ohun kan tó máa ń ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò fi igbá bu omi òkun, yóò fi pa á lórí, yóò sì wí pé, "Omi tó gbé ọ lọ ni yóò gbé ọ bọ̀." Wọ́n ti hu irùngbọ̀n tán, obìnrin yìí kò tíì dẹ́kun.

Nígbà tí ìròyìn wá dé pé wọn yóò díje sínúkà ní Igbokoda, pé ẹni tó bá borí ni yóò lọ máa gbé ní Àkúrẹ́, kó máa gbá a fún ìpínlẹ̀, kí wọ́n fún un níṣẹ́ àti yàrá, Ọlálẹ́yẹ kò sùn. Òkun ti gbé ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ Àǹtí Moríkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń sùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí kì í mì.

Promise ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Lẹ́yẹ, wo nǹkan yìí. Áàpù ni. Kì í ṣe géèmù o. Á sọ ibi tí wàá to bọ́ọ̀lù sí fún ẹ, wàá gbá a, wàá tẹ̀ ẹ́ bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé. Ibi tí ọwọ́ ẹ bá ti kù díẹ̀ káàtó, ibẹ̀ ló máa fún ẹ níṣẹ́ lé lórí lọ́jọ́ kejì."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ ò ní lò ó ni?"

"Èmi awakọ̀ ojú omi? Orúkọ lásán ni mo fi sílẹ̀ fún ìdíje yẹn jàre. Tí ìwọ bá ti dé Àkúrẹ́, èmi náà ti débẹ̀ nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

*

Ohun tí Ọlálẹ́yẹ kò mọ̀ ni pé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Promise ti pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹnu odò kékeré kan lẹ́yìn abúlé Molutehin, ibi tí epo ti sọ omi di dúdú, tí ẹyẹ kì í bà. Oòrùn wà lójú ọ̀run gangan, síbẹ̀ ahéré tó wọ̀ ṣókùnkùn. Bàbá Lawrence ló ń gbé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ ọ̀nà.

"Kí lo fẹ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni, bàbá. Ọwọ́ òsì nìkan. Mi ò fẹ́ kó kú o."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń sọ pé àwọn ò fẹ́ kó kú, àwọn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Kí ló ṣe ọ́?"

Promise wo ilẹ̀. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ ni. Lórí tábìlì bàbá mi."

Nǹkan kan ń họ ògiri ahéré láti ẹ̀yìn. Bàbá Lawrence ní kó mú ṣọ́ọ̀kì tí ẹni náà fi ń pa ẹnu ọ̀pá rẹ̀ wá, pẹ̀lú àkísà tó fi nu òógùn ọwọ́. Ó ní òun yóò fi ohun tòun kún un.

"Okùn tìrẹ ni wàá fi dì í, kókó ilé yín ni wàá ta. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni kí o tì í sí. Ṣùgbọ́n gbọ́ o! Oògùn yìí kò mọ orúkọ, kò mọ ojú. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé tábìlì sókè nígbà tí oògùn ń wọ abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹni yẹn ló máa jẹ. Kó má jẹ́ tìrẹ."

*

Ẹ wá wo ibi tí ìkà ti rí ààyè wọlé. Ní Abereke, kò sí tábìlì tó dúró gún lórí pákó. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á ti òpó, ilé á dagun díẹ̀, oníkálukú á wá nǹkan tì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ ẹsẹ̀ àpótí, abẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ohun tó bá lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá bá ọ tì í, oore ló ṣe ọ́. Ta ni yóò wá fura sí oore?

"Lẹ́yẹ, tábìlì yìí ti dagun. Bá mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún sókè, kí n fi nǹkan tì í."

Ọlálẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ gbé e. Promise wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ti nǹkan kan tí wọ́n fi táńpólì búlúù, ọ̀rá tí omi kì í wọ̀, wé bọ abẹ́ rẹ̀. Òórùn kan jáde, bí ìgbà tí àdín bá jóná.

"Kí nìyẹn?"

"Pákó ni. Mo wé e kí omi má bàa jẹ ẹ́."

"O ṣé o, ọ̀rẹ́ mi," ni Ọlálẹ́yẹ wí.

Ó dúpẹ́! Ó fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ọwọ́ rẹ̀ láàyè. Títí di òní, tí mo bá rántí "o ṣé o" yẹn, ọkàn mi á gbọgbẹ́.

*

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo àárọ̀ ni Ọlálẹ́yẹ ń wà nídìí tábìlì. Fóònù á wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò to bọ́ọ̀lù bí áàpù ti wí, yóò gbá, yóò tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ kò dára rárá. Nígbà tó yá, ìlà tí áàpù ń fà lójú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fi han Promise, Promise náà ń pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan míì ń ṣẹlẹ̀ tí áàpù kò lè kọ. Ó dúró lọ́jọ́ kan láti mu omi, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, bọ́ọ̀lù funfun sì gbéra. Jẹ́jẹ́ ló ń yí lọ, títí ó fi wọ ihò tó kọjú sí òkun. Ọlálẹ́yẹ gbé e padà. Ó tún lọ. "Omi ló ń kún," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, òórùn àdín jíjóná yẹn tún dé láti abẹ́ pákó, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì tutù láti ìka títí dé ìgbọ̀nwọ́, nínú oòrùn. Ó fi epo gbígbóná pa á. Kò móoru.

Ẹyẹ apẹja kan wá bà sójú fèrèsé, ó wò ó, ó ju ẹja ẹnu rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fò lọ. Ẹja náà ti jẹrà. Ẹyẹ wo ló ń pa ẹja tó ti jẹrà?

*

Kí ìdíje tó dé, wọ́n lọ dán ọwọ́ wò ní Igbokoda, nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí èbúté. Ìyá Promise fi omi òkun pa wọ́n lórí kí wọ́n tó lọ. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni ilé yẹn, tábìlì rẹ̀ dúró gbọin-in.

Ọlálẹ́yẹ gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó kọjá ihò. Ó gbá èkejì, ó lu igi etí. Èyí tó máa ń gbá pẹ̀lú ojú dídì ní Abereke, ó yà lọ lójú rẹ̀. Àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

"Abereke!" ni ọkùnrin kan kígbe, "ṣé ẹja lò ń gún ni àbí sínúkà lò ń gbá?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Promise gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kó bọ́ọ̀lù wọ ihò, kò yára, kò lágara. Awakọ̀ ojú omi tí kò ní àyè àtikọ́ṣẹ́! Ó dà bí ẹni pé gbogbo ìgbà tó ní èrò lòun ń gbé wá sí Igbokoda, ìdí tábìlì yìí ló ń wá.

"Oríire lásán ni," ni Promise wí nínú ọkọ̀. "Má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni o, Lẹ́yẹ. Ayé burú."

Ọlálẹ́yẹ wo omi. Lábẹ́ fóònù tó dì mú, ìka rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Áàpù ní ó ti di ọ̀gá. Ọwọ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, pé tábìlì ló ń gbé bọ́ọ̀lù wọ ihò fún un.

*

Nígbà tó délé tó ròyìn fún Àǹtí Moríkẹ́, obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó wo ọwọ́ náà, ó fọwọ́ kàn án, ó sì yọ ọwọ́ tirẹ̀ kíá. "Dìde, ká lọ," ló wí.

Ọ̀dọ̀ Àlùfáà Sàláúdéènì ni wọ́n lọ, àgbàlagbà kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, ó mú wàláà rẹ̀, ó kọ̀wé sí i, ó fi omi fọ̀wé náà sínú abọ́. Omi hántú náà yẹ kó dúdú. Pupa ló pọ́n. Àlùfáà sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ọmọ, kì í ṣe pé wọ́n rán an sí ọ. Ìwọ fúnra rẹ lo fi ọwọ́ rẹ gbé e wọlé. Rántí ohun tí o gbé láìpẹ́, tí ẹlòmíràn wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

Ọlálẹ́yẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀. "Mo ti rántí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Nígbà tí omi bá ń fà, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Fi hántú yìí fọ ọwọ́ rẹ, kí o ju nǹkan náà sí òkun, kí o má wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n má dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ṣé o gbọ́? Ẹni tó bá dá irú rẹ̀ padà, ó ti di oníṣẹ́ ibi náà nìyẹn."

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

*

Omi ti fà nígbà tó dé ìdí tábìlì. Promise wà lójú omi. Ó fi èjìká gbé ẹsẹ̀ tábìlì náà, ó fa táńpólì búlúù yẹn jáde. Ó wúwo ju pákó lọ, nǹkan kan sì ń mí nínú rẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi dì í.

Ó wá wo kókó rẹ̀.

Kókó ilé wọn ni. Kókó tí ìyá wọn kọ́ wọn lórí àkéte, tó máa ń na ìka wọn bí wọ́n bá ṣì í ta. Apá ọ̀tún ni ó yí sí, nítorí pé Promise ló ta á. Tòun Ọlálẹ́yẹ máa ń yí sí òsì.

Ó jókòó sílẹ̀ lórí pákó tútù, ó sunkún. Kì í ṣe nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, ì bá dìde jà. Ṣùgbọ́n Promise! Ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn obìnrin kan ṣoṣo! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ó tú u. Ó rí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó rí àkísà rẹ̀, ó rí ohun tí mi ò ní dárúkọ. Ó fi hántú fọ ọwọ́, ó sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń padà sínú ìka. Títí dé ibẹ̀, ó gbọ́ràn sí àlùfáà lẹ́nu.

Òkun wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ kan péré ni kó fi jù ú. Kò jù ú. Ó yọ àkísà tirẹ̀ kúrò, ó fi àkísà tí Promise fi ń nu ọ̀pá dípò rẹ̀. Ó tún un dì, ó fa okùn le, ọwọ́ rẹ̀ ta kókó láìrò ó. Ó gbé e pamọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Molutehin ló ń lọ gbá sínúkà, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ó pa gbogbo ohun tí áàpù ti kọ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìlà náà ṣubú yakata, kó tó wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá pàdé Promise, yóò rẹ́rìn-ín. Inú lẹ̀jẹ̀ ń gbé, itọ́ funfun là ń tu síta.

*

Kí wọ́n tó lọ sí ìdíje, Ọlálẹ́yẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó di táńpólì búlúù mú lọ́wọ́.

"Promise, pákó tí o fi tì í lọ́jọ́sí ti yọ. Bá mi gbé tábìlì sókè, kí n dá a padà."

Promise rí i. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ̀yìn ń dùn mí. Jẹ́ n pe ẹlòmíràn wá."

"Ẹlòmíràn kẹ̀? Ṣebí pákó lásán ni."

Wọ́n wo ara wọn. Bí Promise bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́. Bó bá gbà, ó ti gbé e. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà tó ń yan ẹja, èéfín ń bò ó lójú, ó sì gbọ́ wọn.

"Promise! Irú ọ̀lẹ wo nìyẹn? Bá arákùnrin rẹ gbé tábìlì jàre!"

Promise bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé e. Ọlálẹ́yẹ kúnlẹ̀, ó tì í wọlé, ó tì í títí ó fi jókòó dáadáa.

"O ṣé o, ọ̀rẹ́ mi," ló wí.

*

Ẹ́ńjìnnì Promise kò sinmi títí ó fi dé ẹ̀yìn Molutehin.

"Ṣé o gbé e?" ni Bàbá Lawrence bi í.

"Mo gbé e, bàbá. Ìyá mi ló ní kí n gbé e. Ẹ gbà mí!"

Bàbá náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, Promise sì gbọ́ bó ṣe ń fi igi dábùú rẹ̀ láti inú.

*

Wọ́n ṣẹ́gun àwọn yòókù ní Igbokoda, ó wá ku àwọn méjèèjì síra wọn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ti rò. Promise ló ń ṣíwájú. Ó ku bọ́ọ̀lù dúdú nìkan fún un, ó wà létí ihò, ọmọdé lè fi èémí fẹ́ ẹ wọlé.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó gbé ojú sókè wo Ọlálẹ́yẹ, ojú tó fi ń wò ó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé bí wọ́n bá ti ṣe nǹkan tí wọn yóò nà wọ́n lé lórí.

"Lẹ́yẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ó tutù."

"Omi ló ń kún," ni Ọlálẹ́yẹ dá a lóhùn.

Ọ̀pá já bọ́. Ẹnu rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù funfun, ìyẹn sì yí lọ jẹ́jẹ́ lórí tábìlì tó dúró gún yẹn, ó wọ ihò. Ariwo ta. Ọlálẹ́yẹ gbá èyí tó kù fún un, ó gbá dúdú, ó parí. Wọ́n gbé e sókè lórí èjìká. Láti òkè níbẹ̀, ó ń wo Promise tó ń fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

*

Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sí Àkúrẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ kí ìyá Promise pé ó dàbọ̀. Wọ́n ti tú tábìlì ká. Obìnrin náà ní òun kò fẹ́ ẹ nílé mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti kọlu ọmọ òun. Promise sùn sí kọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri, wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ dé èjìká.

Táńpólì búlúù tí wọ́n bá lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì wà lórí itan ìyá náà. Kò tíì tú u. Ó kàn ń fi ìka tẹ kókó rẹ̀, ó ń yí i.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Lẹ́yẹ, sún mọ́ mi." Ohùn rẹ̀ kò le, kò rọ̀. "Kókó ilé mi nìyí. Àwa mẹ́ta la mọ̀ ọ́n ta. Èmi kọ́ ni mo ta á. Wo ibi tó yí sí."

Ọlálẹ́yẹ wò ó. Òsì ló yí sí.

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé Promise ló kọ́kọ́ ṣe é, pé ọ̀tún ni kókó yẹn yí sí nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ta ló rí i? Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Òun ló pa ẹ̀rí rẹ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹ bi Promise."

Promise kò yíjú padà.

"Mo fún ọ lọ́mú," ni obìnrin náà wí. "Mo sì tún fi ẹnu ara mi pàṣẹ fún ọmọ mi pé kó gbé tábìlì fún ọ." Ó bú sẹ́kún, ó sì nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ̀ ń dúró. Ọlálẹ́yẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí pákó, ó dúró níbẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀ bó ti máa ń ṣe láti kékeré. Ìyá náà jáde wá lẹ́yìn rẹ̀, igbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo omi fún ìgbà díẹ̀. Ó da igbá náà dojú bolẹ̀ lórí pákó, ó sì wọlé.

Awakọ̀ ní kó wọlé, pé oòrùn ti ń ga. Ó wọ ọkọ̀, orí rẹ̀ gbẹ.